Àlàájà Oníléèsì àti oògùn táírọ́ìdì tí kò rí ọ̀nà gbà

Ó lé ní ọdún méjì tí TSH obìnrin kan, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ bí táírọ́ìdì ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, fi wà ní nǹkan bí 2.8. Láàárín oṣù mẹ́jọ péré, ó gòkè sí 14.6, ó di 16.9, ó ṣàdédé já wálẹ̀ sí 0.18, ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ó tún jẹ́ 12.3. Oògùn kan náà ló ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ará ilé ní nítorí pé kì í jẹ ẹran àti ẹja ni. Dókítà kan ní àfàìmọ̀ kó máà máa gbàgbé oògùn. Méjèèjì ló ṣì í.

Àpèjúwe ni obìnrin yìí, kì í ṣe ẹnì kan pàtó, Àlàájà la ó sì máa pè é. Àmọ́ bí oògùn, oúnjẹ àti àyẹ̀wò ṣe ń ṣiṣẹ́ níbí, bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lára ènìyàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Ẹni ọdún 46 ni Àlàájà, kílò 70 ló wọ̀n. Ó ń gbé ní Sùúrùlérè, ó ń ta léèsì ní Balógun. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni àyẹ̀wò fi hàn pé táírọ́ìdì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ tó mọ́. Táírọ́ìdì ni ẹ̀yà ara kékeré tó rí bí labalábá níwájú ọ̀fun, ibẹ̀ náà ni gẹ̀gẹ̀ ti máa ń yọ. Áyódìnì inú oúnjẹ ló fi ń ṣe họ́mọ̀nù T4 àti T3, àwọn ló sì ń sọ bí ọkàn yóò ṣe yára lù tó, bí ìfun yóò ṣe máa ti oúnjẹ lọ, àti bí ara yóò ṣe móoru tó. TSH ní tirẹ̀ kì í ti ọ̀fun wá. Abẹ́ ọpọlọ ló ti ń jáde. Igbe tí orí ń ké sí ọ̀fun ni. Bí T4 bá kéré, igbe á pọ̀. Bí ó bá tó, igbe á rọlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí TSH tó ga fi ń sọ fún wa pé táírọ́ìdì ti ń fà sẹ́yìn. Ní ọ̀pọ̀ láàbù, 0.4 sí 4.0 ni wọ́n kà sí èyí tó dára.

Nígbà náà, TSH rẹ̀ jẹ́ 38, FT4 rẹ̀ (T4 tó wà lómìnira nínú ẹ̀jẹ̀) sì jẹ́ 6 níbi tí láàbù ti ń retí 12 sí 22. Àyẹ̀wò kẹta, èyí tí wọ́n ń pè ní anti-TPO, ga púpọ̀. Ìyẹn ni pé àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ ló dojú kọ táírọ́ìdì tí wọ́n ń jẹ ẹ́ run díẹ̀díẹ̀. Àrùn Hashimoto ni orúkọ rẹ̀, wọ́n fi orúkọ dókítà ará Japan tó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 1912 pè é. Kókó ibẹ̀ ni pé àìtó áyódìnì kọ́ ló mú un. Kò sí bí a ṣe lè rọ áyódìnì sí i tí ohun tó ti bàjẹ́ á fi padà sípò.

Oògùn rẹ̀ ni lẹfotáírọ́síìnì, T4 kan náà tí táírọ́ìdì ń ṣe, tí wọ́n wá ṣe ní hóró. Ẹni tí táírọ́ìdì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ máa ń nílò nǹkan bí 1.6 mcg (máíkírógíráàmù) fún kílò kan lójúmọ́. Ti Àlàájà á jẹ́ bí 112. Dókítà bẹ̀rẹ̀ láti 50, ó gbé e sí 100, TSH wálẹ̀ sí 2.8, ó sì dúró síbẹ̀.

Ọdún kan lẹ́yìn náà ni rọpárọsẹ̀ kọ lu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Àlàájà fi ẹran sílẹ̀, ó fi ẹja, ẹyin àti wàrà màlúù sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín tí kò ní ẹyin, ẹ̀fọ́ rírò tó fi irú sí, ẹ̀gúsí, iṣu, gàrí, ògì àti èso ló wá ń jẹ. TSH kò yẹsẹ̀. Ó jẹ oúnjẹ aláìlẹ́ran fún ọdún méjì ó lé, 100 mcg rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Inú fáìlì ni àkọsílẹ̀ yẹn wà láti ọjọ́ yìí wá. Ká ní ẹnì kan ti ṣí i wò ni, wọn ò bá má ti fi oṣù mẹ́jọ ṣòfò.

Nígbà tí nǹkan yí padà

Súwẹ́tà ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Oṣù kẹta ni, ooru ń bẹ́ gbogbo Èkó lórí, Àlàájà sì ń wọ súwẹ́tà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ohùn rẹ̀ há débi pé àwọn oníbàárà tuntun ń pè é ní “ọ̀gá” lórí fóònù. Wọ́n rò pé ọkùnrin ni. Ọjọ́ kẹrin-kẹrin ló ń yàgbẹ́. Nǹkan oṣù rẹ̀ ń wá bí omi ẹ̀rọ. Irun ń tú mọ́ kóòmù. Kò jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ ó fi kílò 4 kún ara. Oorun ń gbé e nínú bọ́ọ̀sì BRT títí ó fi máa ń kọjá ibi tó yẹ kó sọ̀.

TSH jẹ́ 14.6. Dókítà bi í bóyá ó ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ló sì sọ. Wọ́n gbé oògùn sí 125. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, 16.9. Wọ́n gbé e sí 150.

Nílé, oníṣègùn pọ̀ ju aláìsàn lọ. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ní kó yáa padà sídìí pánlá. Aládùúgbò kan bá a ra ewé inú òkun tí wọ́n sè di jẹ́lì, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní sea moss, ó ní táírọ́ìdì fẹ́ràn rẹ̀. Onídìrí tà á ní oògùn irun, bàótíìnì (biotin, irú fítámì kan) 10,000 mcg nínú hóró kan. Nǹkan bí 30 mcg péré ni àgbàlagbà nílò lójúmọ́.

Bàótíìnì yẹn ló gbé èsì tó lè pa á lára jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí 150 bẹ̀rẹ̀, TSH jẹ́ 0.18, FT4 jẹ́ 27. Lórí ìwé, oògùn ti pọ̀ jù. Dókítà ti mú bírò láti gé e sí 75 kí nọ́ọ̀sì tó sọ pé lílù ọkàn Àlàájà jẹ́ 54 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí oògùn táírọ́ìdì pọ̀ jù lára rẹ̀, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, á máa làágùn, ìgbẹ́ á máa yá a, oorun á sì ṣòro. Obìnrin tó jókòó níwájú wọn wọ súwẹ́tà, awọ ara rẹ̀ gbẹ bí èpo igi, ojú rẹ̀ sì wú. Ara ń sọ ọ̀kan, ìwé ń sọ òmíràn. Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ara ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà gbọ́, kí ẹ wá wádìí ìwé.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ láàbù ló ń lo bàótíìnì gẹ́gẹ́ bí ìkọ́ tí wọ́n fi ń fa họ́mọ̀nù inú ẹ̀jẹ̀ mú kí wọ́n lè kà á. Bí bàótíìnì oògùn irun bá ti kún inú ẹ̀jẹ̀, yóò gba ìdí ìkọ́ náà. Bí wọ́n ṣe ṣètò àyẹ̀wò TSH, iye rẹ̀ á jáde kéré ju bó ṣe wà lọ. Bí wọ́n ṣe ṣètò ti FT4, tirẹ̀ á jáde pọ̀ jù. Èsì méjèèjì á wá bára mu nínú irọ́, á jọ ti ẹni tí oògùn pọ̀ jù lára rẹ̀ gan-an. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò sí bí aláìsàn ṣe lè mọ irú èyí tí láàbù ń lò. Ọjọ́ méjì ó kéré tán ni kéèyàn fi pa oògùn irun tì kó tó lọ gba àyẹ̀wò táírọ́ìdì. Bí ó bá pọ̀ tó ti Àlàájà, ó sàn kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní kó pa á tì fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n sì tún àyẹ̀wò náà ṣe. TSH 12.3, FT4 10.4. Òótọ́ wá jáde.

Ìwé tí apòògùn kọ

Ọ̀dọ́kùnrin apòògùn kan ní ilé oògùn tó ti ń ra hóró rẹ̀ ló béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè: “Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ sọ fún mi bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ bá yín, láti ìgbà tí ẹ bá ti lajú títí tí ẹ ó fi sùn.” Ó mú ìwé, ó ń kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

4:45, aláàmù dún. Àlùwàlá.
5:30, ìrun àsùbáà.
5:45, gbogbo oògùn lẹ́ẹ̀kan náà: hóró táírọ́ìdì, oògùn ẹ̀jẹ̀ 200 mg, kálísíọ̀mù 500 mg. Mílíìkì sóyà kọ́ọ̀pù kan ni wọ́n fi ń gbé e mì.
6:00, wọ́n jáde nílé.
7:15, àkàrà àti ògì ní ṣọ́ọ̀bù.
1:00, oúnjẹ ọ̀sán.
2:00, oògùn irun.
8:30 alẹ́, oúnjẹ alẹ́. 10:45, oorun.

“Mo kó gbogbo ẹ̀ jọ kí n má baà gbàgbé ìkankan ni, dókítà,” ni Àlàájà wí. (Ní Èkó, dókítà ni gbogbo ẹni tó bá dúró sídìí oògùn.) Ẹ kíyè sí i pé aláìsàn tó ń ṣọ́ra ló ń ṣe irú àṣìṣe báyìí. Ẹni tó ń gbàgbé oògùn rẹ̀ kò ní jókòó tò ó sínú àwo kan.

Ó tún bi í ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọnú ilé. Mílíìkì sóyà: láti bí oṣù mẹ́jọ, obìnrin kan lójúlé kejì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é tà. Oògùn ẹ̀jẹ̀: ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí àwọn elétò ìlera wá yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn oníṣòwò wò ní ọjà. Kálísíọ̀mù: oṣù kan náà, nítorí egungun. Gbogbo wọn dé lẹ́yìn tí oúnjẹ aláìlẹ́ran ti pé ọdún méjì ó lé, oṣù mẹ́ta péré kí súwẹ́tà tó jáde.

Tí a bá gbé lẹfotáírọ́síìnì mì lórí òfìfo ikùn, nǹkan bí 70 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ láti ìfun kékeré. Áyọ̀nù (iron) inú oògùn ẹ̀jẹ̀ àti kálísíọ̀mù máa ń so mọ́ ọn, wọ́n á di ohun tí kò lè yọ́, ìfun kò ní lè gbà á, á bá ìgbẹ́ jáde. Sóyà náà ń dí i lọ́nà. Kọfí ń dín in kù, fọ́nrán oúnjẹ tó pọ̀ náà ń dín in kù, oògùn tó ń pa ásíìdì inú náà sì ń dá kún un nítorí hóró yìí ń fẹ́ ásíìdì kó tó yọ́ dáadáa. Mẹ́ta nínú wọn ni Àlàájà ń gbé mì pẹ̀lú oògùn rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà. Gbígbé e láti 100 sí 125 sí 150 kò yàtọ̀ sí kéèyàn máa fi agbọ̀n pọnmi.

Èyí tó ń dí ọ̀fun àti èyí tó ń dí hóró

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún ẹni tí kì í jẹ ẹran ti máa ń dàrú. Wọ́n á ní má jẹ gàrí, má jẹ kábééjì, má mu fùrá jéró, má fojú kan sóyà, bí ẹni pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Ẹ̀gẹ́, kábééjì àti jéró: ọ̀fun ni wọ́n ń bá jà. Inú ẹ̀gẹ́ tútù ni májèlé sáyánáídì ti ń jáde nígbà tí a bá rìn ín. Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú oúnjẹ, ara á sọ ọ́ di táyósáyánéètì, ohun yìí sì ni ó ń bá áyódìnì du ẹnu ọ̀nà táírọ́ìdì. Níbi tí áyódìnì ti wọ́n, tí wọ́n sì ń jẹ ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe dáadáa lójoojúmọ́, gẹ̀gẹ̀ á máa yọ. Àmọ́ ẹni tí họ́mọ̀nù rẹ̀ ti inú hóró wá, kò sí ẹnu ọ̀nà tí gàrí fẹ́ dí mọ́ ọn. T4 tó wà nínú hóró ti gba áyódìnì tirẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Àlàájà lè jẹ ẹ̀bà rẹ̀. Kìkì pé kí gàrí jẹ́ èyí tó fi ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kan nínú àpò kí wọ́n tó yan án gbẹ, torí pé kíkan àti yíyan yìí ló ń lé sáyánáídì lọ. Gàrí tí wọ́n rìn lónìí tí wọ́n yan lọ́la nítorí kó lè tètè débi ọjà, inú ẹnikẹ́ni kò yẹ kó gbà á, ìbáà ní táírọ́ìdì ìbáà má ní. Kábééjì, ẹ sè é. Ooru ń pa púpọ̀ nínú ohun tó ń fa ìjàǹbá inú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ díẹ̀ nínú sàláàdì ọjọ́ ìnáwó, ẹ jẹ ẹ́.

Ẹni tó yẹ kó ṣọ́ra sí ìsọ̀rí àkọ́kọ́ yìí ni ẹni tí táírọ́ìdì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ oògùn, tó sì pa iyọ̀ tó ní áyódìnì tì.

Sóyà, áyọ̀nù, kálísíọ̀mù, kọfí: hóró ni wọ́n ń bá jà nínú ìfun. Ọ̀ràn tiwọn kì í ṣe pé kéèyàn má jẹ wọ́n, bí kò ṣe wákàtí tó wà láàárín. Mílíìkì sóyà tí Àlàájà ń mu ní 5:45 àárọ̀ tó ń ba oògùn jẹ́, bí ó bá di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, oúnjẹ lásán ni.

Bí wọ́n ṣe tún un tò

Apòògùn àti dókítà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n kọ́kọ́ ro lílo hóró nígbà tó bá ń lọ sùn. Ọ̀nà tó dára ni fún ẹni tó bá ti jẹun tán wákàtí mẹ́ta kó tó sùn. Àlàájà ń jẹun alẹ́ ní 8:30 nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí afárá, ó sì ń sùn ní 10:45. Wákàtí méjì ó lé díẹ̀ kò tó. Wọ́n pa ìyẹn tì.

Hóró wá di ohun tó ń kọ́kọ́ wọ ẹnu lójúmọ́. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ìgò omi. Bí aláàmù bá dún ní 4:45, á gbé e mì pẹ̀lú omi lásán ẹ̀kún kọ́ọ̀pù kan kó tó lọ ṣe àlùwàlá. Kò sí tíì, kò sí àgbo, kò sí oyin nínú omi gbígbóná. Ó kéré tán, ìṣẹ́jú 30 sí 60 ló yẹ kó kọjá kí oúnjẹ tó wọlé. Àlàájà rí wákàtí méjì ààbọ̀ kí àkàrà tó dé. Oògùn ẹ̀jẹ̀ bọ́ sí agogo kan ọ̀sán pẹ̀lú ọsàn méjì, kálísíọ̀mù bọ́ sí oúnjẹ alẹ́. Wákàtí mẹ́rin ló yẹ kó wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn àti hóró táírọ́ìdì. Ó rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oògùn irun àti jẹ́lì inú òkun kúrò nílé pátápátá.

Dókítà kò fi í sórí 150. Ó dá a padà sí 125 lọ́jọ́ náà gan-an, torí pé bí ọ̀nà bá ṣí, ohun tó ń ṣòfò tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Èyí ni ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí: bí ẹ bá tún aago ṣe tí ẹ kò sì tún ìwọ̀n oògùn yẹ̀ wò, ẹ ó ti inú ọ̀fìn kan bọ́ sí òmíràn. Kódà 125 náà pọ̀. Ọ̀sẹ̀ keje, TSH jẹ́ 0.29, èyí jẹ́ òótọ́ torí kò sí bàótíìnì lára rẹ̀. Lílù ọkàn jẹ́ 96, ó ń jí ní agogo méjì òru, ó sì ń ké mọ́ àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n dá a padà sí 100. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ́yìn náà, TSH jẹ́ 1.9.

Ìwọ̀n oògùn tó ń lò kó tó di pé mílíìkì sóyà wọ ilé ló padà sí.

Bí wọ́n ṣe ń dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí wọ́n tó tún un yẹ̀ wò, kì í ṣe pé wọ́n ń fi àkókò ṣeré. Nǹkan bí ọjọ́ méje ni ìdajì T4 tó wà lára fi ń lọ. Ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà kí ìwọ̀n tuntun tó dúró sójú kan, TSH náà á sì máa fà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó lọ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìwọ̀n àtijọ́ àti tuntun tó dà pọ̀ ló ń kà. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí ẹ̀rù bani bí a bá gbàgbé hóró ọjọ́ kan.

Ibi tí hóró ń gbé náà ní ọ̀rọ̀ nínú. Àlàájà máa ń tú ti oṣù kan jáde kúrò nínú páálí, á dà á sínú ike kékeré nínú àpamọ́wọ́ tó ń gbé kiri nínú oòrùn Balógun. Lẹfotáírọ́síìnì kò fẹ́ ooru, kò fẹ́ ọ̀rinrin, kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ páálí, wọ́n kọ ọ́ pé kó má kọjá 25°C. Nínú ilé Èkó tí kò sí iná, ìyẹn le. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí hóró wà nínú páálí rẹ̀ títí di òwúrọ̀ tí ẹ máa lò ó, nínú dúrọ́ọ̀ yàrá tó tutù jù lọ nínú ilé, kì í ṣe ilé ìdáná, kì í ṣe orí fíríìjì tó ń gbóná, kì í ṣe inú mọ́tò. Ẹ rà á ní ilé oògùn tó forúkọ sílẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́, kí ẹ sì máa lo ti ilé iṣẹ́ kan náà. Bí ti ilé iṣẹ́ yẹn bá wọ́n lọ́jà tí ẹ sì ní láti yí i, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ kí ẹ yẹ TSH wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ.

Ohun tí oúnjẹ náà jẹ gbèsè rẹ̀ ní tòótọ́

Pé oúnjẹ kọ́ ló ba TSH jẹ́ kò sọ pé kò ní ibi tó kù sí. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ 9.8, níbi tó yẹ kí ti obìnrin tó 12. Fẹ́rítíìnì, tó ń sọ iye áyọ̀nù tó wà nípamọ́, 8. Fítámì B12, 130, níbi tí láàbù náà ti ń retí ju 200 lọ. Bí hóró ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe tóbi tó wà déédéé, ìyẹn sì ti tan ẹni tó kọ́kọ́ wò ó jẹ. Àìtó áyọ̀nù máa ń sọ hóró ẹ̀jẹ̀ di kékeré, àìtó B12 máa ń sọ ọ́ di ńlá. Bí méjèèjì bá pàdé, wọ́n lè pa ara wọn rẹ́ lórí ìwé.

B12 kò ṣeé bá ṣàdéhùn. Kò sí nínú ẹ̀fọ́, kò sí nínú ẹ̀wà, ẹ má sì gbára lé irú tàbí ògì nítorí pé wọ́n kan. Ẹ̀dọ̀ ń tọ́jú rẹ̀ fún ọdún díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni tó fi ẹran sílẹ̀ kì í fi í mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ti Àlàájà ti ń lọ sí ọdún kẹta. Dókítà tún ní kí wọ́n yẹ àrùn kan tó máa ń bá Hashimoto rìn wò, èyí tí kì í jẹ́ kí inú gba B12 bó ti wù kéèyàn jẹ ẹ́ tó. Kò ní in. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ B12 láti fi gbé e dìde, lẹ́yìn náà hóró 1,000 mcg lójoojúmọ́ pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán, títí lọ.

Ti áyọ̀nù, nǹkan oṣù tó ń wá púpọ̀ ló ń gbé e lọ ju oúnjẹ lọ, àìtó táírọ́ìdì ló sì fà á. Nígbà tí TSH padà sípò, nǹkan oṣù náà dín kù. Oògùn ẹ̀jẹ̀ 200 mg yẹn, tó ní áyọ̀nù 65 mg nínú, wọ́n ní kó máa lò ó ní ọjọ́ kan kó fi ọjọ́ kejì sílẹ̀. Ara ń gbà á dáadáa bẹ́ẹ̀, inú kì í sì í run ún tó ti ojoojúmọ́. Tíì di ohun tí wọ́n ń mu ní àárín oúnjẹ méjì, kì í ṣe pẹ̀lú oúnjẹ. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ẹ̀wà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ áyọ̀nù inú ewé ń fẹ́ fítámì C lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó tó wọlé: ọsàn, àgbálùmọ̀ nígbà tirẹ̀, tàbí ata tútù tí a kò sè pẹ́.

Áyódìnì ló kù. Àgbàlagbà nílò 150 mcg lójúmọ́. Ẹni tó fi ẹja, edé, ẹyin àti wàrà sílẹ̀, iyọ̀ nìkan ló kù fún un, Nàìjíríà sì ti ń fi áyódìnì sí iyọ̀ láti ọdún 1993. Bí iyọ̀ bá ní áyódìnì 30 mg nínú kílò kan, gíráàmù 5, bíi ṣíbí tíì kan tó tẹ́jú, á fúnni ní 150 mcg. Bí ó bá ti joro dé 15 nítorí pé ó ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ìdajì nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ máa dé ike iyọ̀, kí ẹ sì fi í sí ọbẹ̀ nígbà tó bá ń lọ jinná. Àlàájà ti yí padà sí iyọ̀ aláwọ̀ osùn tó wọ́n lówó nítorí wọ́n ní ó mọ́ ju tiwa lọ. Áyódìnì kò sí nínú rẹ̀ bí kò bá ṣe pé wọ́n kọ ọ́ sára ọ̀rá. Fún un, tó ń lo hóró, kò ṣe nǹkan púpọ̀. Fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ti lọ sílé ọkọ tó sì ń jẹ oúnjẹ kan náà láìlo oògùn kankan, ó ṣe. Ọmọ inú aboyún ń fi áyódìnì ìyá rẹ̀ kọ́ ọpọlọ.

Jẹ́lì inú òkun ni òdìkejì rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ iye áyódìnì tó wà nínú ṣíbí kan. Ó yàtọ̀ láti igo sí igo, nínú ewé òkun kan ó sì lè kọjá 1,100 mcg tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ṣe òpin fún àgbàlagbà lójúmọ́. Fún ẹni tó ní Hashimoto tí díẹ̀ ṣì kù nínú táírọ́ìdì rẹ̀, àpọ̀jù áyódìnì lè pa díẹ̀ yẹn náà.

Nígbà Ààwẹ̀

Ohùn rẹ̀ padà láàárín oṣù méjì. Irun gbà ju oṣù márùn-ún lọ, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ohun tó kù tí wọ́n ní láti ṣètò ni Rámádánì, torí pé agogo 4:45 ti di àkókò sàárì. Ẹni tó bá gbé hóró mì tó sì bu ẹ̀wà lójú ẹsẹ̀ ti tún padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú oṣù yẹn, iṣẹ́ ọjà ń tètè parí, Àlàájà sì ń ṣínu nílé. Nítorí náà hóró bọ́ sí alẹ́: ìṣínu ní agogo méje, kó jẹun tán ní 7:30, oògùn ẹ̀jẹ̀ àti ọsàn wà nínú ìṣínu náà ní ọjọ́ tó bá kàn án, kò sí ẹ̀pà tàbí dodo lẹ́yìn àṣámù, hóró ní 11:30 pẹ̀lú omi lásán, kó sùn. Wákàtí mẹ́rin ti wà láàárín rẹ̀ àti áyọ̀nù. Ó lé díẹ̀ ní wákàtí márùn-ún kí sàárì tó dé, kálísíọ̀mù sì lè wà níbẹ̀. Mílíìkì sóyà náà, ibẹ̀ ló ń mu ún báyìí.